Ẹ Yí I Dojú Dé, Kí Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo tún gbé wá ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò tíì kan tí a fi fàdákà ṣe ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun yíyọ́ nínú iná nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò mọ ohun tí a kọ sí i nídìí.

Àbúrò ìyá mi kan ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Òyìnbó láàrin ọdún 1960 sí 1970. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, ó kó ìkòkò tíì méjì dání, èyí tí ìyá arúgbó kan tí ó tọ́jú fi ta á lọ́rẹ. Lẹ́yìn tí ó ti fi ayé sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì pín ẹrù rẹ̀ bí a ti ń pín in nílé wa: ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ mú. Ó mú èyí tí ń dán yanran, tí òǹtẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tò sí nídìí, nítorí pé ó jọ ohun ààfin lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí, mú èyí tí ó kù. Ìyẹn ti dúdú. Ẹranko inú ìtàn tí a ń pè ní dírágónì lọ́ mọ́ ọn lára, ọwọ́ tí a fi ń dì í mú sì dà bí igi ọparun.

Kò pẹ́ tí owó ilé ìwòsàn ọmọ fi dé. Ni àbúrò yìí bá gbé ìkòkò tirẹ̀ lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Ọkùnrin náà wo ìdí rẹ̀ fìrí, ó ní, "Ìyàwó, ohun ayédèrú ilẹ̀ Ṣáínà ni èyí, gbé e sílẹ̀ kí n bá ọ yọ́ ọ." Owó tí ó dá lé e kò tó ra agolo wàrà méjì. Orí ni ó kó o yọ tí ó kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní eérú díẹ̀ kí n fi fọ̀ ọ́, bóyá yóò fi nǹkan kún owó rẹ̀."

Eérú kẹ̀! Mo gba ìkòkò náà, mo yí i dojú dé. Mo rí lẹ́tà W àti H, mo rí nọ́ńbà 90, mo sì rí òǹtẹ̀ kẹta tí ó jẹ́ ìkọ̀wé Ṣáínà. Mo sọ fún un pé kí ó jókòó.

Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ìlú Canton, tí a ń pè ní Guangzhou lónìí, ti ń ṣe ohun èlò tábìlì fún àwọn òyìnbó oníṣòwò. Tíì, aṣọ ṣẹ́dà àti àwo tánganran ni òyìnbó ń wá rà níbẹ̀. Owó fàdákà ilẹ̀ Spain, àti ti Mexico lẹ́yìn náà, ni wọ́n sì fi ń san án. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ wọn. Bí ọ̀gákọ̀ kan bá mú ṣíbí ilé rẹ̀ wá pé kí wọ́n ṣe méjìlá irú rẹ̀ fún òun, alágbẹ̀dẹ á ṣe é gẹ́lẹ́ bí ó ti rí i, á sì da òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ pàápàá kọ: kìnnìún tí ń rìn, orí ọba, lẹ́tà kan tàbí méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tí òfin yàn ni ó ń dán fàdákà wò kí a tó tẹ kìnnìún sí i. Kò sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà nígbà náà. Nítorí náà, bí kìnnìún bá dà bí ajá, tí orí ọba kò sì jọ ti ọba kankan, ẹ má tètè sọ pé irọ́ ni fàdákà náà. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ Canton tí ó dára púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń pe irú fàdákà bẹ́ẹ̀ ní ti ilẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ìwé ńlá tí H. A. Crosby Forbes, John Devereux Kernan àti Ruth S. Wilkins kọ lórí rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1975, ni ó la ojú àwọn olùkójọ ohun àtijọ́ sí i.

Ní ọdún 1842, lẹ́yìn ogun, Ṣáínà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó ṣí Shanghai àti èbúté mẹ́rin mìíràn fún àjèjì, tí ó sì fi Hong Kong lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi àfarawé sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúkọ ara wọn. Ibẹ̀ ni WH ti wá, tí í ṣe Wang Hing, ṣọ́ọ̀bù olókìkí ní Hong Kong. LC ni Leeching. KHC ni Khecheong. Ní Shanghai, Luen Wo àti Tuck Chang a máa kọ orúkọ wọn jáde ní kíkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ ni yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ bá ra ẹ̀wù ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni ó wà ní ọrùn rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fàdákà Ṣáínà. Lẹ́tà òyìnbó ni ẹni tí ó tà á. Ìkọ̀wé Ṣáínà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tí a ti lù ú. Ohun méjì tí ó ní WH lè ní òǹtẹ̀ Ṣáínà tí ó yàtọ̀ síra, nítorí pé oníṣọ́ọ̀bù kan a máa gbé iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà òyìnbó nìkan kò tíì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é.

Nọ́ńbà 90 ń sọ pé ìdá 90 nínú 100 jẹ́ fàdákà, bí ti owó Mexico ti rí. Ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní sterling, èyí tí í ṣe 92.5. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣọ́ọ̀bù ni 90 yìí jẹ́. Kì í ṣe ìjọba ni ó tẹ̀ ẹ́.

Ti Jàpáànù yàtọ̀. Ọdún 1859 ni èbúté Yokohama ṣí fún oníṣòwò àjèjì. Ní 1876, ìjọba fòfin dè é pé kí àwọn jagunjagun tí a ń pè ní samuráì má ṣe fi idà kọ́ ìbàdí kiri mọ́. Àwọn oníṣọ̀nà tí ń fi wúrà, fàdákà àti bàbà ṣe ẹ̀ṣọ́ sí èèkù idà láti ìrandíran wá rí i pé oúnjẹ fẹ́ tán lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ọwọ́ sí ìkòkò òdòdó, àpótí kékeré àti ohun èlò tíì tí òyìnbó yóò rà. Ìdí nìyí tí a fi ń rí iṣẹ́ Jàpáànù tí a fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín orúkọ oníṣẹ́ sí, bí wọ́n ti ń fín in sára ohun èlò idà, dípò kí a fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nídìí fàdákà wọn ni jungin, èyíinì ni fàdákà pọ́ńbélé. Àmì ìkọ̀wé méjì ni. Àmì tí ó dúró fún fàdákà kan náà ni Ṣáínà àti Jàpáànù ń lò nígbà náà: apá òsì rẹ̀ dà bí ilé kékeré tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí òpó kan wà láàrin rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé yìí lè ràn yín lọ́wọ́ láti dá ọ̀rọ̀ fàdákà mọ̀. Nínú àkọlé àtijọ́ tí a kọ ní ìbú, láti ọ̀tún sí òsì ni a ń kà á.

Bí ẹ bá rí àsíá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì onígun mẹ́rin tí ó dúró lórí ṣóńṣó, tí nọ́ńbà bí 950 tàbí 925 sì wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìtẹwó ìjọba Jàpáànù ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ni. Ohun tí kò ní àsíá lè jẹ́ èyí tí ó dàgbà jù ú lọ. Ní ti orúkọ, Arthur & Bond àti Samurai Shokai wà ní Yokohama; lẹ́tà M tí ó wà nínú karawun ni Mikimoto, àwọn olókìkí nídìí ìlẹ̀kẹ̀ péálì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1890 sì pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá sára rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a kọ JAPAN tàbí CHINA sí kì í sábà ṣáájú 1891.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ kò lè rí dúdú lára irin kí ọwọ́ yín má yún yín. Àwọn oníṣọ̀nà Jàpáànù ní àdàlù méjì tí a dìídì mú dúdú tàbí kí ó pọ́n bí eérú. Shakudo ni bàbà tí a fi wúrà díẹ̀ sí. Shibuichi ni bàbà àti fàdákà, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá fi ìpara ìdánrin bó o ti ba ohun tí kò sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe bọ̀ sípò pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ti fàdákà lásán, èéfín àti ẹyin àti rọ́bà ni ó ń sọ ọ́ di dúdú; omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀. Eérú, iyanrìn àti kànrìnkàn irin a máa jẹ òǹtẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ojúmọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti wò ó, pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ wo ìdí, abẹ́ ìdérí, etí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọwọ́ ṣíbí. Òǹtẹ̀ tí a fi irin lù máa ń ní etí mímú; èyí tí a dà pọ̀ mọ́ ohun náà nínú ẹ̀dà a máa rí wúruwùru bí ẹni pé ó yọ́, àwọn aláyédèrú òde òní sì fẹ́ràn láti da WH bẹ́ẹ̀. Òòfà kò ran púpọ̀: kì í fa fàdákà, kì í sì í fa bàbà tàbí idẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn tàbí ásíìdì kan ibi tí òǹtẹ̀ wà.

Ìkòkò àbúrò yìí ní òǹtẹ̀ tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Ohun tí ó kù tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó gbé tirẹ̀ wá, òǹtẹ̀ mẹ́rin ààfin náà ni E, P, N àti S, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kékeré tirẹ̀. Ìyẹn ni pé àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni, tí a fi iná mànàmáná bo fàdákà fẹ́lẹ́ lé lórí. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní ọwọ́ òun ni òun fi mú un, òun kò ní gba ti àbúrò òun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ta ohun ìyá àwọn, òun ni yóò san owó ilé ìwòsàn. Ó sì san án.

Ní ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún kan, ìkòkò méjèèjì ni a fi bu tíì fún àlejò. Èmi ni mo fọ ti dírágónì. Dúdú tí ó wà láàrin ìpẹ́ rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.