Yíyára Nìkan Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Wíwọn Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé nípa íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Yorùbá ń lò fún ohun mẹ́ta tí kò jọra. Bí àwòrán bá pẹ́ kí ó tó wọlé tán, wọn a ní kò yára. Bí ohùn ẹni tí ó wà lókèèrè bá ń pẹ́ dé etí, wọn a ní kò yára. Bí rútà bá wà ní pálọ̀, tí ẹni tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò sì rí nǹkan gbà, wọn a tún ní kò yára. Ẹni tí ó fi orúkọ kan pe àìsàn mẹ́ta, oògùn kan náà ni yóò máa rà.

Ohun tí èyí ń náni hàn gbangba ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ní ẹbí ní Abidjan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìyá ti ń gbọ́ ohùn ọmọ. Ìyá á ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ìdáhùn kò ní tètè dé, ìyá á tún un bi, ohùn méjèèjì á sì pàdé lójú ọ̀nà. Ọmọ á wá fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ra dátà tí ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìpè olóhùn kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mẹ́gábíìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe pé dátà kò tó.

Ẹ̀rọ omi lè là á yé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí korobá ṣe ń tètè kún nígbà tí omi bá ti ń yọ jẹ́ ohun kan. Bí ó ṣe pẹ́ tó kí omi tó yọ lẹ́yìn tí a ṣí ẹnu ẹ̀rọ jẹ́ ohun mìíràn. Ó tọ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n-ìṣàn, kí a sì pe ìkejì ní àsìkò-ìdáhùn. Ó lè wu ògbufọ̀ láti pe ìkejì yìí ní ìfalẹ̀, ṣùgbọ́n ìfalẹ̀ ti dájọ́ kí ó tó wọn nǹkan. Ìdáhùn tí ó dé láàárín ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kò falẹ̀ rárá, ó sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Bí àsìkò náà bá ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, èdè ti ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀: ìṣégeṣège.

Sátẹ́láìtì fi hàn pé méjèèjì lè yapa pátápátá. Àwọn tí ó dúró sójú kan lókè ìlà agbedeméjì ayé wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Ìbéèrè á gòkè, á sọ̀kalẹ̀. Ìdáhùn náà á gòkè, á sọ̀kalẹ̀. Ìrìn náà jẹ́ 144,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìwọ̀n-ìṣàn ti wù kí ó pọ̀ tó, ìdáhùn kò lè dé kí ó tó tó nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2023, wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà péré. Ìdí nìyí tí ìdáhùn tiwọn fi ń tètè dé.

Ọ̀rọ̀ dátà náà fẹ́ àtúnṣe. Gígábáìtì ni a fi ń rà á. Iye ẹrù tí ó lè kọjá ni, kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Mẹ́gábíìtì ni ẹ̀rọ ìdánwò bí Speedtest fi ń ka ìwọ̀n-ìṣàn. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1, nítorí náà mẹ́gábíìtì 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju mẹ́gábáìtì 2 lọ. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, fáwẹ̀lì díẹ̀ ni ó ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀. Kí àwọn ònkọ̀wé má ṣe gé wọn kúrú rárá. Àyálò dára níhìn-ín, nítorí òun ni olùkà yóò bá lójú ẹ̀rọ.

Èyí tí ó kù ni ibi tí àléébù wà. Ìrìn-inú-ilé ni láti fóònù dé rútà. Ìrìn-òde ni láti rútà dé òpó, láti òpó dé Èkó àti òkun. Kí onílé kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rútà, lẹ́yìn náà ní yàrá ẹ̀yìn. Bí ó bá dára níbẹ̀ tí ó burú lọ́hùn-ún, ògiri amọ̀ nínípọn tàbí kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni ó ń dí i. Kí ó gbé rútà sí òkè láàárín ilé, ibi tí kò sí irin. Ìgbì 2.4 gígáhẹ́ẹ́tìsì máa ń la ògiri kọjá ju ti 5 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n-ìṣàn ti 5 máa ń pọ̀ jù nítòsí. Bí ó bá burú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rútà pàápàá, ìrìn-òde ni kí ó fura sí. Bí rútà náà bá jẹ́ èyí tí ń lo síìmù, kí ó gbé e sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ohun tí onílé lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Etíkun àwọn ọmọ Èjìgbò gan-an ni okùn ti já. Ẹni tí ó bá ń gbé rútà kiri ilé lọ́jọ́ náà ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni.

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ tí ó bá ní fóònù kan lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe èyí ní kíláàsì: kí àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ní ọ̀sán àti kí wọ́n tó lọ sílé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí òpó méjì nínú ìwé, ọ̀kan fún ìwọ̀n-ìṣàn, èkejì fún àsìkò-ìdáhùn.