Ìdálóró Kì í Ṣe Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ní kíláàsì ìtumọ̀ èdè, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìròyìn kan lórí ohun tí ojú àwọn afurasí agbésùnmọ̀mí rí lọ́wọ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ọ̀pọ̀ wọn túmọ̀ orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwà náà sí "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò alágbára", bí ẹni ń polówó ọṣẹ. Mo fagi lé e.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò: fi ọ̀rọ̀ wá ẹni ní ẹnu wò. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, wọ́n de Abu Zubaydah mọ́ pákó, wọ́n fi aṣọ bò ó nímú àti lẹ́nu, wọ́n sì ń da omi lé e. Ìgbà 83 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Khalid Sheikh Mohammed jẹ́ ìgbà 183 ní oṣù kẹta ọdún 2003. Omi ni wọ́n fi wá wọn lẹ́nu wò! Ìdálóró ni Yorùbá ń pe èyí. Oró wà nínú ọ̀rọ̀ náà gbangba, kò sì béèrè bí oró ṣe pọ̀ tó.

Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba George W. Bush ló wá ìwọ̀n fún oró. Nínú ìwé tí Jay Bybee fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, wọ́n ní ìrora ara kò tíì di ìdálóró àfi bí ó bá le tó irú èyí tí ń bá ikú rìn, tàbí tí ẹ̀yà ara fi ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú ló fi ata sẹ́nu yẹn.

Àwọn kan yóò ní, "Bí bọ́ǹbù bá fẹ́ bú gbàù lọ́jà ńkọ́?" Ẹ wo Ibn al-Shaykh al-Libi. Amẹ́ríkà fi í ránṣẹ́ sí Íjíbítì. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé Ìráàkì ń kọ́ al-Qaeda ní lílo ohun ìjà oníkẹ́míkà. Colin Powell gbé e lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù kejì ọdún 2003. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ogun bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, al-Libi ní irọ́ ni òun pa nítorí ìyà.

Obama fòfin de ìwà yìí ní ọdún 2009, síbẹ̀ orúkọ ẹ̀tàn náà kò kú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "alágbára" tó kọ ti gbè sẹ́yìn ẹni tó ń da omi.