Òwò Ẹ̀bùn: Kí Oníṣẹ́-Ọwọ́ Jẹ Nínú Rẹ̀

Bí ìkómọ bá wáyé lónìí, tàbí wòlímà, tàbí yìgì síso, àlejò kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Abọ́ ike, kóròbá àti aago ògiri ni àwọn tí ń ṣe ìnáwó sábà máa ń pín, wọn a sì kọ orúkọ ọmọ tàbí ti ọkọ àti ìyàwó sí i lára. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Kì í pẹ́ tí ike náà yóò fi fọ́, tí yóò sì di ohun tí ń dí gọ́tà. Owó ti lọ, iṣẹ́ tí ì bá kan ọmọ àdúgbò sì ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ń rìn kiri nítorí àìríṣẹ́ṣe.

Ẹ̀bùn kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀sìn. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa gba ẹ̀bùn, a sì máa fi òmíràn san án padà. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni ìnákùnàá àti ṣekárími. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó kan ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni pé: ta ni owó ẹ̀bùn yìí ń bọ́?

Ohun tí a lè fi ṣe ẹ̀bùn kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Aláró ń bẹ ní Ìtokù ní Abẹ́òkúta, tí ń fi ẹ̀kọ láfún ya àrà sára aṣọ, tàbí tí ń fi ìko dì í, kí ó tó rì í sínú aró. Ahunṣọ ń bẹ ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tí ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ń bẹ ní Ọ̀yọ́. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ń bẹ ní Dada ní Ìlọrin. Ní Ṣakí àti agbègbè rẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ́ èso òrí, wọ́n ń yan án, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Àwọn àgbà wọ̀nyí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n oníbàárà Èkó jìnnà sí wọn. Ọ̀dọ́ mọ oníbàárà, ó mọ bí a ti ń fi fóònù polówó, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwò ẹ̀bùn lè so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Nínú àwọn tí ń pariwo pé kí a ra ohun tí a ṣe nílé, àwọn kan wà tí ń rẹ́ ẹni tí ó ṣe é jẹ. Oníṣòwò a dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ṣe ọṣẹ dúdú, a nájà títí tí kò fi ní í kù fún ìyá náà ju owó eérú àti adín lọ. A kó ọjà láwìn, a ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ a di oṣù. Lẹ́yìn náà ni yóò lẹ ìwé aláràbarà mọ́ ọṣẹ náà, tí yóò sì tà á ní ìlọ́po owó tí ó rà á. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Ìyá náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì ní í kọ́ ọ, nítorí ojú rẹ̀ ni ìyà náà ṣe. Níjọ́ tí oníṣẹ́-ọwọ́ bá jókòó, oníṣòwò kò ní ohun tí yóò tà mọ́. Ànábì kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi owó alágbàṣe falẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìkìlọ̀ náà ń dáàbò bo òwò ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò ṣòro. Kí a wí pé oníbàárà kan fẹ́ ẹ̀bùn fún 100 àlejò: ọṣẹ dúdú nínú àpò adìrẹ kékeré. Bí ọṣẹ bá jẹ́ ₦600, tí àpò jẹ́ ₦500, tí owó ọkọ̀ jẹ́ ₦100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,200. Bí ó bá tà á ní ₦1,500, èrè orí 100 jẹ́ ₦30,000. Àpẹẹrẹ ìṣirò lásán ni èyí, nítorí iye ọjà a máa yí padà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀dọ́ náà gba ₦120,000 owó ọjà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó san ti oníṣẹ́-ọwọ́, kí èrè tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Kò ní í sá lọ yá owó èlé tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀. Kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Súràtul-Bákárà ti kọ́ àwọn onígbàgbọ́ nípa gbèsè tí a dá ọjọ́ sí.

Òtítọ́ ọjà ni ìkejì. Ànábì kan òkìtì oúnjẹ lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù, ó sì bá ọlọ́jà wí nítorí pé ó fi èyí tí ó tutù pamọ́. Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti wọ ọjà Ìtokù, wọ́n ń pè é ní adìrẹ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ojúlówó. Ẹni tí ó bá tà á bí ẹni pé ọwọ́ aláró ni ó ti wá, oúnjẹ tútù ni ó bò mọ́lẹ̀. Bí aró bá sì jẹ́ ti òyìnbó, tí kì í ṣe ti ewé ẹlú, kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni ìtọ́jú orísun. Igi òrí a máa lo bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń gé e lulẹ̀ fún èédú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó èso òrí lọ sí òkè òkun fún oṣù 6, kí iṣẹ́ àti èrè sísọ ọ́ di òrí lè wà nílé. Òfin nìkan kò tó. Oníṣòwò tí ó bá san owó gidi fún òrí ni ó ń fi han àgbẹ̀ pé igi tí ó wà lórí ìdúró níyelórí ju àpò èédú lọ.

Àwọn kan yóò ní ike Ṣáínà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ẹ̀sìn tí ó ní gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn. Ẹni tí kò lágbára, oúnjẹ àti àdúà tó. Ẹni tí ó ní, kí ó fún ènìyàn díẹ̀ ní ohun tí yóò wúlò.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó wà. Kí wọ́n wá àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àdúgbò wọn rí, kí wọ́n béèrè iye tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n fi Iléyá kan dán an wò. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò èrè lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n má ṣe wo àpò ara wọn nìkan. Kí wọ́n wò ó bí ìyá ọlọ́ṣẹ bá ṣì ń po ọṣẹ, àti bí ọmọ rẹ̀ bá ti jókòó tì í láti kọ́ ọ. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò tí ó mọ́. Àmín.