Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ ife kọfí kan ni. Ṣùgbọ́n nídìí ife kọfí náà ni ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó ń fi orí kanlẹ̀ lórí ẹní kan náà. Nítorí náà ni a kò fi lè dákẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ Akówọnjọ dáadáa, láti abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú títí dé oríta tí ọ̀nà Ṣàṣá ti yà, kí a tó kan Ẹ̀gbẹ́dá, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń sùn pẹ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kejì ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, awakọ̀ ti jí, kọ̀ndọ́ ti jí, ọmọ iléeṣẹ́ ti wà lójú títì, ìyá tí ó ń lọ ra ọjà ti gbé agbọ̀n rẹ̀. Nǹkan gbígbóná ni gbogbo wọn ń wá. Àwọn ọmọ Hausa tí a ń pè ní mai-ṣáyì ti mọ èyí tipẹ́. Wọn a gbé tábìlì kan àti bẹ́ǹṣì méjì kalẹ̀, wọn a gbé kẹ́tùrù ka iná, wọn a sì máa da tíì láti inú ife kan sí èkejì lókè lókè títí yóò fi hó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọfí, wọn a já ọ̀rá Nescafé fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ Milo tàbí Bournvita, ó wà níbẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín kò gbẹ́yìn.

Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ti wọ inú òwò yìí. Òmíràn gbé ìsọ̀ onípákó kalẹ̀, òmíràn ń gbé fúláàsì kiri, òmíràn sì ra ẹ̀rọ tí ń po kọfí. Èyí dùn mọ́ wa nínú, nítorí ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kan ṣí ìsọ̀ kọfí sí iwájú mọ́ṣáláṣí kan ní àdúgbò wa, níbi tí mai-ṣáyì kan ti wà fún ọdún pípẹ́. Ọmọ wa dín owó kù, mai-ṣáyì náà dín in kù. Ọmọ wa tún dín in kù, èkejì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú wọn, àwọn kan nínú jámáà dìde, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí lé ará Òkè-Ọya náà lọ, kí ọmọ onílé lè rí jẹ. Ohun tí a fẹ́ sọ fún wọn ni pé, kì í ṣe wíwà mai-ṣáyì náà ni ó ń pa ọmọ wa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bá ara wọn du ọjà ni ó ń pa àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó mú kí òwò yìí le. Èkíní, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Kò gba owó ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè di onítíì lọ́la. Òwò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ báyìí, bí èrè bá pọ̀ níbẹ̀ lónìí, èrò yóò kún ibẹ̀ lọ́la, èrè náà yóò sì fò lọ. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ lé mai-ṣáyì kan lọ ní òwúrọ̀, ẹlòmíràn yóò gbé tábìlì dé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọmọ onílé ni onítọ̀hún yóò jẹ́ pẹ̀lú. Ta ni a óò wá lé nígbà náà?

Èkejì, ẹni tí ó ń ta kọfí kọ́ ni ó ni kọfí. Ọwọ́ iléeṣẹ́ ńlá díẹ̀ ni kọfí inú ọ̀rá, mílíìkì àti Milo wà, iye tí wọ́n bá sì dá lé e ni alátẹ yóò san. Àwọn náà kò sì sí lórí ìrọ̀rùn. Nígbà tí ìjọba tú okùn iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Nestlé Nigeria, tí ó ń ta Nescafé àti Milo, pàdánù ohun tí ó lé ní ₦79 bílíọ̀nù ní ọdún 2023 nìkan. Lẹ́yìn èyí, ojú ọjọ́ kò gbe kọfí ní Bùràsíìlì àti Vietnam, àwọn orílẹ̀-èdè méjì tí ó ń kórè rẹ̀ jù lọ láyé. Ní oṣù kejì ọdún 2025, iye kọfí irú èyí tí a ń pè ní Arabica ga lọ́jà àgbáyé ju gbogbo iye tí a ti tà á rí lọ. Bí ọ̀dá bá mú lókè òkun, abọ́ onítíì Akówọnjọ ni yóò gbẹ.

Ẹ̀kẹta, oníbàárà ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Bí kọfí bá wọ́n, yóò mu ògì. Bí kò bá fẹ́ ògì, yóò ra ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́ ìyá alátẹ, yóò lọ po ó mu nílé.

Nínú ìhámọ́ yìí ni onítíì wà tí ó fi rò pé kí òun dín owó kù ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ife kan ná ọ ní ₦400, tí o sì tà á ní ₦500. Èrè rẹ jẹ́ ₦100. Bí o bá ta 60 ife lóòjọ́, o jèrè ₦6,000. Bí o bá wá gé ₦50 kúrò kí o lè fa oníbàárà ẹnìkejì rẹ wá, ojú rẹ ni ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni o gé. Rárá o! Ìdajì èrè rẹ ni o gé. O ní láti ta 120 ife kí o tó rí ₦6,000 tàná. Ẹnìkejì rẹ kò sì ní káwọ́ gbera. Òun náà yóò gé ₦50 tirẹ̀, àwọn oníbàárà yóò padà sí àyè tí kálukú wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì máa ta 60 ife yín ní èrè ₦3,000. Ta ni ó ṣẹ́gun?

Ibi tí ọ̀ràn náà ń já sí ni ó burú jù. Ẹni tí kò bá rí èrè nínú owó yóò wá a nínú ife. Mílíìkì tí ó yẹ kí ó ṣe ife mẹ́rin yóò di ti ife mẹ́jọ, a óò sì fi ṣúgà bo àṣírí omi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, odidi sura kan ń bẹ nínú Àlùkùránì tí a fi orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù pè. Ẹ sì rántí ìtàn Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà tí ó bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Ó bi olúwa rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tí ó bá ń tan ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ife kọfí tí a fi omi là kò yàtọ̀ sí òkìtì náà.

Àwọn kan yóò ní, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn onítíì ṣe ìpàdé, kí wọ́n fi ẹnu kò sí iye kan, kí a sì gba tábìlì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tà á ní ọ̀pọ̀." Èyí náà kò tọ́. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní Ọlọ́hun ni ó ń dá iye. Lóòótọ́, Imam Malik kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Muwatta pé Sayyidina Umar sọ fún ọkùnrin kan tí ó ń ta èso àjàrà gbígbẹ pé kí ó gbé owó rẹ̀ sókè tàbí kí ó kúrò lọ́jà, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa lónìí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà lòdì sí kí àwọn tí ń bá ara wọn díje gbìmọ̀ dá iye kan lé ọjà. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbogbo fi èyí sọ́kàn.

Kí ni ó wá kù? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò bá lè fi owó ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lè fi ohun mìíràn jù ú lọ. Ìtàn kọfí fúnra rẹ̀ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kọfí kì í ṣe àlejò láàárín Mùsùlùmí. Àwọn Sufi ilẹ̀ Yemen ti ń mu ún láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kí oorun má baà gbé wọn níbi ìjọ́sìn òru. Ní ọdún 1511, Khair Beg tí ó jẹ́ aláṣẹ ní Mẹ́kà fòfin de kọfí, òfin náà kò sì pẹ́ tí ó fi wó. Láàárín ọdún 1550 sí 1560, àwọn ọkùnrin méjì, ọ̀kan láti Aleppo, èkejì láti Damascus, ṣí ilé kọfí ní Istanbul. Àwọn ènìyàn ń wá síbẹ̀ láti kàwé, láti ta ayò, láti gbọ́ ìròyìn. Kì í ṣe omi dúdú inú ife nìkan ni wọ́n ń rà. Àyè ìjókòó àti ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ tún wo ti òde òní. Starbucks, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Seattle ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971, wọ Ọsirélíà ní ọdún 2000 pẹ̀lú owó tabua. Ó bá àwọn onísọ̀ kéékèèké níbẹ̀ tí ó mọ orúkọ oníbàárà wọn, tí ó sì mọ bí kálukú ṣe ń mu kọfí tirẹ̀. Ní ọdún 2008, Starbucks ti ìsọ̀ 61 pa ní ilẹ̀ náà, èyí tí ó ju ìdajì gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lé e. Àwọn tí ó mọ ènìyàn wọn ni kò jẹ́ kí ó rí àyè.

Ọmọ wa, tìrẹ ni a wá kàn yìí. Mai-ṣáyì ni ó ni àsùbáà, òun ni ó sì ni òru. Má ṣe bá a jà níbẹ̀. Wo àwọn tí ń bẹ ní Akówọnjọ láàárín ìyálẹ̀ta àti ìrọ̀lẹ́: ọmọ iléèwé tí ń wá ibi ìjókòó, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń dúró de oníbàárà, ẹni tí ń wá iná tí yóò fi gba agbára sínú fóònù rẹ̀. Ta ìjókòó àti ìdákẹ́jẹ́ fún wọn. Ta ohun tí kò sí lórí tábìlì mai-ṣáyì. Wọ́n ń gbin kọfí lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba àti ní agbègbè Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí o bá lè rí èso náà, kí o yan án, kí o lọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ nìkan yóò pe èrò. Jẹ́ kí ṣíbí tí o fi wọn mílíìkì lónìí jẹ́ ṣíbí ọ̀la. Jẹ́ kí omi rẹ mọ́, kí ife rẹ mọ́. Bí o bá fẹ́ ṣe oníbàárà lóore, fún un ní èènì gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe nídìí gàrí. Èènì ń múnú oníbàárà dùn, kò sì ba iye ọjà jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin méjèèjì lè fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe. Ẹ da owó pọ̀, kí ẹ ra páálí mílíìkì àti ṣúgà lọ́wọ́ alágbàtà ńlá, kí ẹ sì pín in. Owó tí ẹ bá rí gé níbẹ̀, tí kálukú sì dá iye tirẹ̀ lé ife tirẹ̀, èrè mímọ́ ni.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀bi tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá na ẹ̀dínwó títí tí kò fi kù èrè kankan fún ọlọ́jà, ẹ̀tàn ni ó ń rà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mu kọfí àwìn fún oṣù kan tí ó wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ó mọ̀ pé gbèsè ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, bí ẹ bá fẹ́ ṣe òfin, ẹ ṣe é fún gbogbo ènìyàn: kí ọ̀nà àwọn olùkírun má ṣe dí, kí a má sì da ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá pa òfin náà mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ Akówọnjọ tàbí ọmọ Kánò, ẹ jẹ́ kí ó máa tà. Ẹni tí ẹ fẹ́ lé yìí, ẹsẹ̀ kan náà ni òun àti yín ń tò ní sáfù. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí ó sì fún wa ní arísìkí tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Àmín.