Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ó Sàn Kí A Gba Ẹnu-Ọ̀nà tí Èrò Kò Pọ̀ Wọ Igbó Ẹranko

Bí a bá dárúkọ ibi tí a ti lè wo ẹranko ìgbẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, èrò tèmi ni pé igbó Ọ̀yọ́-Ilé ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ wò, kí o sì gba ọ̀nà Àgọ́-Àmọ́dù àti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ.

Ní ọdún 1936 ni ìjọba ti ya apá kan igbó yìí sọ́tọ̀. Ní 1952 wọ́n sọ ọ́ di igbó ààbò fún ẹranko. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di Old Oyo National Park. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìmàdò àti ọ̀bọ ń gbé inú rẹ̀, odò Ògùn sì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú àwọn Aláàfin, tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1835. Ẹni tí ó bá lọ wo ẹranko níbẹ̀ yóò tún ka ìtàn.

Ìdí mi kìíní ni pé ẹranko kì í dúró de ariwo. Níbi tí ọkọ̀ mẹ́wàá ti ń tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀yìn ẹranko ni o máa rí. Níbi tí èrò kò pọ̀, olùṣọ́ igbó lè fi ẹsẹ̀ ẹfọ̀n hàn ọ́ nínú ẹrẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

Ìdí kejì ni ó ká mi lára jù. Wọ́n ní kí àwọn ará Àgọ́-Àmọ́dù, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Tẹdé má ṣe dẹ ìgbẹ́ mọ́ nínú igbó ọba. Bí àǹfààní kankan kò bá ti inú igbó náà wá bá wọn, kí ni yóò mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbọn rẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ra iyán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ó sùn sí ìlú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò mọ̀ pé àgbọ̀nrín tí ó wà láàyè níye lórí ju èyí tí a yan lórí ààyàn lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, pé ilé ìtura kò pọ̀, àti pé ènìyàn lè lọ kí ó má rí ẹranko ńlá kankan. Òótọ́ ni. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o gbèrò kí o tó gbéra. Kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn alábòójútó igbó náà ní Ọ̀yọ́ bóyá ọ̀nà ṣeé gbà; bí wọ́n bá ní kí o má lọ, fi ìdí mọ́lé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o yàn, láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ẹranko sì ń wá omi. Ra omi àti oúnjẹ ní Àgọ́-Àmọ́dù. Má ṣe wọ aṣọ tí ń tàn yòò. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí o wọ igbó, má sì ṣe wọ̀ ọ́ láìsí olùṣọ́ igbó.

Ní tèmi, àìpọ̀ èrò kì í ṣe àléébù. Ohun tí ó lè pa igbó yìí run ni kí àwọn tí ó sún mọ́ ọn má ka á sí. Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ bá ń múra ìrìn-àjò afẹ́, dárúkọ Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fún wọn.