Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pe Akọ̀pẹ Sínú Ọgbà



Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá bá wa ní díspẹ́ńsárì ní Agége. Ó gun àgbọn onílé kan lẹ́yìn òjò, igbà já, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Àwọn aládùúgbò fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n ká a sínú takisí. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Àánú wọn pọ̀, ṣùgbọ́n bí eegun ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, irú gbígbé bẹ́ẹ̀ lè sọni di arọ.

Lójú tèmi, ẹni tí ó pe akọ̀pẹ wá ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Ẹ yẹ igbà wò, pàápàá ibi tí ó ti ń ha igi. Bí ó bá ti gbó, bí igi bá tutù, bí ó bá ti mu ẹmu, tàbí bí wáyà iná bá wà nítòsí, kí ó má gùn ún. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nísàlẹ̀.

Bí ó bá ṣubú, ẹ má fà á dìde, ẹ má fún un lómi. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má yí, kí ẹnìkan pe 112 tàbí 767.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó àgbọn kò tó ra eegun ẹ̀yìn.