Tábúlẹ́ẹ̀tì Fún Jẹ́lé-ó-sinmi: Kí La Fẹ́ Kó Kọ́ Wọn?



Àbá kan ń bọ̀ níwájú ìpàdé wa, pé ká mú nínú owó ètò ẹ̀kọ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù fẹ̀ǹfẹ̀ nì, ogún odidi, fún jẹ́lé-ó-sinmi tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní Bẹyẹrunká, kí wọ́n fi máa kọ́ ìṣirò. Àwọn kan ní ìfowóṣòfò ni. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ẹ wo àwọn ọmọ tó wà nídìí ìsọ̀ ní Ọjà'ba. Ọmọ ọdún mẹ́ta gba fóònù ìyá rẹ̀, ó ń bá a kọ "wan, tú, tírì" dé ogún láìṣì. Ẹ wá ní kó mú ata mẹ́rin wá. Ẹ̀kúnwọ́ ni yóò bù fún yín! Orin ló mọ̀, kò tí ì mọ iye.

Láti 1969 ni Sesame Street ti ń fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní òǹkà, nítorí náà àwòrán lè kọ́ ọmọ lóòótọ́. Èdè tó fi ń kọ́ ọ ló kàn mí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ tún wo mẹ́rìndínlógún: ẹni tó bá pè é ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún. "Sístíìn" kò sọ ìyẹn fún ọmọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má jókòó ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì kéré sí i, ó dára jù. Kí la wá ń fi ogún ṣe? (Jẹ́lé-ó-sinmi la pè é, ilé ló ní kó sinmi, kò ní kí olùkọ́ náà sinmi.)

Bí alága bá ní ká nawọ́ sókè, méjì péré ni màá nawọ́ sí, èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kí àwọn olùkọ́ fi ohùn ara wọn ka òǹkà Yorùbá sínú rẹ̀. Bí àwòrán bá sì ti fi ọsàn márùn-ún hàn, kí ọmọ ka òkúta márùn-ún sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí òmíràn. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ ká fi kọ́ àwọn olùkọ́ náà bí wọn yóò ṣe lò ó.